Àwọn Ọmọdé Inú Ihò Èéfín

  Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ jókòó ti rédíò, mo fẹ́ kí ẹ mú rúlà yín sí tòsí, nítorí a óò lò ó láìpẹ́. Ìtàn tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn àwọn ọmọ kéékèèké kan ni, tí wọ́n ń fi ara họ ihò èéfín ilé oníléńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan bí igba ọdún, àti bí ó ti gba ọdún 87 láti ìgbà tí ìjọba ti kọ́kọ́ ṣe òfin láti dáàbò bò wọ́n títí di ìgbà tí òfin náà tó lágbára.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí ilé ìdáná tiwa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, igi ni ìyá mi fi ń dáná lórí ààrò. Èéfín a gba ojú fèrèsé jáde, a gba ẹnu ọ̀nà jáde, èyí tí kò bá rí ọ̀nà lọ a lẹ̀ mọ́ àjà àti ògiri. Bí ènìyàn bá fọwọ́ kan àjà ilé ìdáná náà, ọwọ́ rẹ̀ a dúdú bí ẹni tí ó pa ìdí ìkòkò lára. Ohun dúdú yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. N óò máa pè é ní dúdú èéfín.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtútù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ọyẹ́ tiwa kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dá iná sínú yàrá tí wọ́n ń jókòó sí àti yàrá tí wọ́n ń sùn sí. Wọ́n a kọ́ ihò gígùn kan sínú ògiri láti ibi iná náà lọ dé orí òrùlé, kí èéfín lè rí ibi gbà lọ sókè. Èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dá, èéfín rẹ̀ sì nípọn ju ti igi lọ. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni dúdú èéfín ń kó jọ sí ara ihò náà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì gbá a kúrò, iná lè mú un nínú ihò níbẹ̀, kí ó jó dé òrùlé, kí ó sì jó ilé lọ.

Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù mọ ohun tí iná ń jẹ́. Ní ọdún 1666, iná kan ṣẹ́ láti ilé oníbúrẹ́dì kan, ó jó fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin, ó sì run ilé tí ó ju 13,000 lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi bíríkì àti òkúta tún ìlú kọ́. Àwọn ilé náà ga, yàrá lórí yàrá, ibi iná sì pọ̀ nínú wọn. Láti ọ̀dọ̀ ibi iná kọ̀ọ̀kan, ihò èéfín a gòkè, a yà sí ọ̀tún, a yà sí òsì, a lọ bá òmíràn nínú ògiri kan náà, bí ihò òkété tí ó ní ẹnu púpọ̀. Bí wọ́n sì ti ń lo èédú sí i ni wọ́n ń dín ihò náà kù, kí afẹ́fẹ́ lè máa fa èéfín sókè dáadáa.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú rúlà. Ẹ wọn ínṣì 9 ní ìbú, kí ẹ wọn ínṣì 14 ní òró, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ilẹ̀. Bí ihò èéfín ti ó wọ́pọ̀ jù ti tóbi tó nìyẹn. Àwọn kan wà tí wọ́n jẹ́ ínṣì 9 ní ìhà gbogbo. Ta ni nínú ilé yín tí ó lè gba ibẹ̀ kọjá? Bàbá yín kò lè gbà á. Ẹ̀gbọ́n yín tí ó wà ní kíláàsì mẹ́fà lè máà lè gbà á. Àbúrò yín tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká eyín ni yóò gbà á. Àwọn tí ń fi gbígbá ihò èéfín ṣiṣẹ́ ṣe mọ èyí, ọmọ kékeré ni wọ́n sì ń wá.

Níbo ni wọ́n ti ń rí àwọn ọmọ náà? Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ aláìníyàá aláìníbaba tí ìjọ àdúgbò ń bọ́. Àwọn olórí ìjọ a fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá kan láti kọ́ṣẹ́, wọ́n a tilẹ̀ san owó lé e, kí ẹnu kan lè dín nínú àwọn tí wọ́n ń fún lóúnjẹ. Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ tálákà tí òbí wọn gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ìwé àdéhùn ń bẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ó wà láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́? Bí ó bá dàgbà tán, kò lè gba inú ihò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní owó tí yóò fi di ọ̀gá. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà yóò di káfíńtà. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí yóò kàn ga ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni.

Ọmọ náà a fa fìlà bo ojú àti imú, a mú búrọ́ọ̀ṣì kan lọ́wọ́ àti irin pẹlẹbẹ tí yóò máa fi ha, a sì wọ inú òkùnkùn lọ. Eékún àti ìgbọ̀nwọ́ ni ó fi ń gun òkè: yóò fi ẹ̀yìn ti ògiri kan, yóò fi eékún ti èkejì, yóò sì máa sún díẹ̀díẹ̀ bí kòkòrò. Awọ ara rẹ̀ a bó. Kí awọ náà lè yi, ọ̀gá a mú un dúró sí ẹ̀bá iná tí ó gbóná, a sì fi omi iyọ̀ líle ra eékún àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá ń ké, ọ̀gá a mú ọ̀pá dání, tàbí kí ó ṣèlérí kọ́bọ̀ kan fún un bí ó bá lè fara dà á díẹ̀ sí i. Kì í ṣe ọ̀tá àwọn ọ̀gá ni ó sọ èyí. Ọ̀gá kan láti ìlú Nottingham ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba ní ọdún 1863.

Àwọn ọmọ mìíràn há sínú ihò. Bí ọmọ bá yọ̀ tí eékún rẹ̀ méjèèjì sì ká kan àyà rẹ̀, kò lè lọ sókè mọ́, kò sì lè sọ̀kalẹ̀. Bí òkìtì dúdú èéfín bá sì wó lé e lórí níbi kọ̀rọ̀, èémí rẹ̀ pin nìyẹn. Àwọn mìíràn jóná nítorí pé ihò kò tí ì tutù nígbà tí a rán wọn wọlé, tàbí nítorí pé iná gan-an ni a rán wọn lọ pa. Èyí tí kò bá kú a máa sùn lórí àpò tí a kó dúdú èéfín sí, a sì fi òmíràn bora. Àwọn àgbẹ̀ ni ọ̀gá ń ta dúdú èéfín náà fún láti fi wọ́n oko. Wíwẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mélòó kan lọ lọ́dún.

Láti inú àìwẹ̀ yìí ni ohun tí ó burú jùlọ ti jáde. Ní ọdún 1775, Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ní ọsibítù St Bartholomew ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé kékeré kan lórí àrùn tí ó máa ń yọ sí àpò ẹpọ̀n àwọn tí wọ́n ti gbá ihò èéfín láti kékeré. Yóò bẹ̀rẹ̀ bí egbò kékeré, yóò máa jẹ ara lọ, yóò sì gòkè sí inú ikùn. Jẹjẹrẹ ni. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, wọ́n ní orúkọ tiwọn tí wọ́n ń pè é, wọ́n sì so orúkọ náà mọ́ dúdú èéfín. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kò béèrè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rò pé àrùn ìṣekúṣe ni, wọ́n sì ń fi oògùn olóró makiúrì tọ́jú rẹ̀, èyí tí ó tún ń dá kún ìyà wọn. Ẹ wo bí ìtìjú ti gorí ìrora fún ẹni tí kò ṣe ohunkóhun ju iṣẹ́ tí a rán an lọ. Pott ni ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé dúdú èéfín tí ó ń wà nínú ìṣẹ́po awọ ni ó fa á. A kò rí ẹni tí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ nínú ìwé, pé iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe àti ohun tí ó ń fọwọ́ kàn lè di jẹjẹrẹ sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí n fo síwájú díẹ̀ nítorí àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1892, oníṣẹ́ abẹ mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, Henry Butlin, béèrè ìdí tí àrùn yìí fi ń pa àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní Jámánì àti ní Bẹ́ljíọ̀mù lẹ́nu. Ó rí i pé àwọn ti ọ̀hún ń wọ aṣọ tí ó fún mọ́ ara láti ọrùn dé ẹsẹ̀, wọ́n sì ń fi omi àti ọṣẹ wẹ gbogbo ara lójoojúmọ́ bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ní ọdún 1915, àwọn onímọ̀ méjì ní Japan, Yamagiwa àti Ichikawa, fi ọ̀dà èédú kun etí ehoro léraléra fún ọ̀pọ̀ oṣù títí jẹjẹrẹ fi yọ síbẹ̀. Omi àti ọṣẹ, ẹ̀yin ará, ati aṣọ tí ó bo ara. Ohun tí ìbá ti gba ọ̀pọ̀ nínú wọn là kò ju ìyẹn lọ.

Ó yẹ kí a padà sí ọ̀rúndún kejìdínlógún, kí a sì pàdé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jonas Hanway. Oníṣòwò ni. Òun ni àwọn ènìyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé ó ń gbé agbòrùn kiri nígbà òjò. Ní ìgbà náà, obìnrin ni wọ́n gbà pé ó lè lo agbòrùn. Hanway kò dá wọn lóhùn, ó ń gbé agbòrùn rẹ̀ lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó lè gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ dúdú fún èéfín lé orí, kí ó má sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ó kọ lẹ́tà, ó kọ ìwé, ó lọ bá àwọn ọ̀gá, ó lọ bá àwọn aṣòfin. Ó kú ní 1786. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1788, ìjọba ṣe òfin àkọ́kọ́: ọ̀gá kò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò tó ọdún 8, kò sì gbọdọ̀ ní ju ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà lọ.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi lónìí dúró lé. Nígbà tí ìwé òfin náà ń lọ, gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ pé gbogbo ọ̀gá tí ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Nígbà tí ó dé Ilé Ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù, wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò. Wọ́n fi ọjọ́ orí ọmọ sílẹ̀, wọ́n fi iye ọmọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ohun tí ìbá jẹ́ kí a mọ ẹni tí ọ̀gá jẹ́ àti ibi tí ó ń gbé. Ta ni yóò wá ka ọmọ mẹ́fà? Ta ni yóò béèrè ọdún 8? Kò sí ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún kan, mo sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, ọ̀kan nínú wọn sì dìde, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ìkà ni gbogbo àwọn ènìyàn náà ni?” Ìbéèrè náà dára. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Obìnrin ọlọ́rọ̀ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Elizabeth Montagu ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù May lọ́dọọdún, ó máa ń ṣí ọgbà ilé ńlá rẹ̀ tí ó wà ní Portman Square sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ń gbá ihò èéfín. Wọ́n a wá, wọ́n a jẹ ẹran sísun àti pudíìnì, wọ́n a jó. Ó ṣe é títí ó fi kú ní ọdún 1800. Àánú wọn ṣe é ní tòótọ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù May, àwọn ọmọ náà a padà sínú ihò, nítorí pé ilé ńlá ní ibi iná púpọ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ gbá wọn.

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1803, àwọn ènìyàn rere kan kó ara wọn jọ ní Lọ́ńdọ̀nù láti wá ohun tí yóò rọ́pò àwọn ọmọ, wọ́n sì ní àwọn yóò fún ẹni tí ó bá rí i ní ẹ̀bùn. George Smart mú ẹ̀rọ kan jáde: àwọn ọ̀pá oníhò tí okùn gba inú wọn kọjá, tí a ń fi ọ̀kan lé èkejì lórí láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ńlá ní ṣóńṣó wọn. Àgbàlagbà a dúró sínú yàrá, a sì máa tì í sókè. Ní 1828, Joseph Glass tún èyí tí ó dára jù ú lọ ṣe. Ẹ̀rọ ti wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àròyé àwọn onílé: wọ́n ní ẹ̀rọ ń da ìdọ̀tí sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kò lè gba ibi kọ̀rọ̀ kọjá, wọ́n ní ọmọ a máa gbá a mọ́ jù ú lọ. Àwọn tí ihò ilé wọn yí kọ́lọkọ̀lọ kò fẹ́ náwó láti tún un ṣe. Àwọn ọ̀gá náà mọ inú oníbàárà wọn, ẹni tí ó bá sì mú ẹ̀rọ dání lè rí i kí ìyá ilé ní kí ó padà lọ mú ọmọ wá.

Ní 1817, ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Kékeré jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n gbọ́ ẹ̀rí, wọ́n sì tẹ ìwé jáde tí ó yẹ kí ó mú ojú ẹnikẹ́ni ṣomi. Ilé Kékeré gbà pé kí a fòfin de rírán ọmọ sínú ihò. Àwọn Lọ́ọ̀dù kọ̀. Wọ́n tún gbé e wá, àwọn Lọ́ọ̀dù tún kọ̀ ní 1819. Bí a bá ro iye ihò èéfín tí ó wà nínú ilé Lọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ìyàlẹ́nu rẹ̀ a dín kù.

Ní 1834, òfin tuntun jáde: ọmọ tí a ó gbà síṣẹ́ gbọ́dọ̀ tó ọdún 10, a kò sì gbọdọ̀ rán ọmọ lọ pa iná nínú ihò. Ní 1840, òfin mìíràn, èyí tí ó le jù gbogbo wọn lọ bí a bá kà á lórí ìwé: ẹni tí kò bá tó ọdún 21 kò gbọdọ̀ wọ inú ihò èéfín láti gbá a, ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ gba ọmọ iṣẹ́ tí kò tó ọdún 16. Ẹni tí ó bá rú u yóò san owó ìtanràn, ó kéré tán pọ́n-ùn márùn-ún. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ó mú ìyàtọ̀ wá díẹ̀. Ní àwọn ìlú mìíràn, ńṣe ni ọ̀gá ń rán ọmọ wọlé bí ti àtẹ̀yìnwá.

Kí ló dé? Ẹ fi wé òfin àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ òwú. Ní 1833, ìjọba ṣòfin nítorí àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì yan alábòójútó mẹ́rin. Mẹ́rin kò tó nǹkan fún odidi ilẹ̀ kan, mo gbà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ní ẹnu ọ̀nà, ó ní orúkọ, ó ní ìwé tí a kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sí. Alábòójútó lè kan ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ ihò èéfín kò ní ẹnu ọ̀nà kankan. Ọ̀gá kan pẹ̀lú ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni, tí wọ́n jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n ń ti ilé dé ilé. Inú ilé onílé ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ta ni yóò sì wọ inú ilé onílé láàárọ̀ kùtùkùtù láti wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ibi iná? Kí ẹjọ́ tó lè wà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi owó àti àkókò ara rẹ̀ pe ọ̀gá lẹ́jọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì dé kóòtù, adájọ́ tí ó jókòó lórí àga jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onílé tí a ń fi ọmọ gbá ihò ilé tiwọn. Irú àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ní ilé-iṣẹ́, tí kò sí orúkọ wọn nínú ìwé ẹnikẹ́ni, kò ṣòro fún wa láti fojú inú wò. A ń rí wọn ní ọjà àti ní ibùdókọ̀ lójoojúmọ́, orí wọn sì ni ẹrù wa wà.

Ẹni tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn ni Anthony Ashley Cooper, tí ó di Lọ́ọ̀dù Shaftesbury ní 1851. Ó gbé òfin tuntun wá ní ọdún náà gan-an, kò yọrí. Ó tún gbé e wá lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dà á nù. Ìgbìmọ̀ tí ó jókòó lórí iṣẹ́ àwọn ọmọdé fi hàn ní 1863 pé ní àwọn ìlú kan iye ọmọ tí a ń rán sínú ihò tilẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Ní ọdún yẹn kan náà, Charles Kingsley tẹ ìwé ìtàn kan jáde tí a ń pè ní *The Water-Babies*, nípa ọmọ kan tí ń jẹ́ Tom tí ń gbá ihò èéfín lábẹ́ ọ̀gá burúkú. Àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ kà á. Ní 1864, Shaftesbury rí òfin kan gbà tí ó fi kún ìyà ẹni tí ó bá rú ti àkọ́kọ́. Síbẹ̀, a kò fi iṣẹ́ náà lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ó di oṣù February ọdún 1875, a rán ọmọ ọdún 11 kan, George Brewster, lọ sínú ihò èéfín ní ọsibítù àwọn tí orí wọn kò pé ní Fulbourn, nítòsí Cambridge. Ilé tí ìjọba àdúgbò fúnra rẹ̀ ń bójú tó ni. Kò sí ọlọ́rọ̀ alágídí kan níbẹ̀ tí ń bẹ̀rù kápẹ́ẹ̀tì. Ọdún 35 ti kọjá tí òfin ti sọ pé ẹni ọdún 21 ni. Ọmọ náà há. Wọ́n ní láti wó ògiri kí wọ́n tó lè fà á yọ, dúdú èéfín sì ti kún imú àti ẹnu rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́ tí ó fi kú.

Wọ́n mú ọ̀gá rẹ̀, William Wyer, lọ sí kóòtù. Adájọ́ dá a lẹ́bi pé ó ṣe ikú pa ọmọ náà láìmọ̀ọ́mọ̀, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Mo ti rò ó nígbà púpọ̀ bóyá Wyer nìkan ni ó yẹ kí ó lọ. Ó rú òfin, ọmọ sì kú. Èmi kò bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn ọsibítù náà fún un ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn rí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí ó padà.

Shaftesbury ti di ẹni ọdún 74 nígbà náà. Ó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn *The Times*, ó sì tún gbé òfin wá sí Ilé àwọn Lọ́ọ̀dù. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbà á, ó sì di òfin kí ọdún 1875 tó parí. Kí ni ohun tuntun inú rẹ̀? Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi gbígbá ihò èéfín ṣe iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ olórí ọlọ́pàá àdúgbò rẹ̀, kí ó sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Bí a bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó mú un jáde. Bí kóòtù bá dá a lẹ́bi pé ó rú òfin tí ó dáàbò bo ọmọdé, ìwé náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ sì bọ́ nìyẹn. Ọlọ́pàá ni ó sì di ojúṣe rẹ̀ láti mú arúfin, kì í ṣe ti ẹlẹ́yinjú àánú kan tí yóò ná owó ara rẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ohun tí àwọn Lọ́ọ̀dù yọ kúrò nínú òfin 1788 nìyẹn. Gbólóhùn kan náà ni: ìwé àṣẹ. Ẹ yọ 1788 kúrò nínú 1875, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ óò rí ọdún 87 tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ka iye àwọn ọmọ tí wọ́n gba inú ihò kọjá láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn 1875, iṣẹ́ náà di ti àgbàlagbà àti búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́pàá gígùn, irú èyí tí Joseph Glass ti ṣe ní ọdún 47 ṣáájú. Àwọn ilé tí wọ́n ní ẹ̀rọ kò lè gbá mọ́ gbà á. Kápẹ́ẹ̀tì wọn kò sì bàjẹ́.

Ní ọdún 2025, nígbà tí ó pé ọdún 150 tí George Brewster kú, a fi àmì ìrántí aláwọ̀ búlúù sí ara ògiri ní Fulbourn, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ṣe ìrántí àwọn ènìyàn ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kọ orúkọ rẹ̀ sí i, a sì kọ ọjọ́ orí rẹ̀, ọdún 11.